Bọ́ọ̀dù Kọ́ Ló Kú: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Láptọ́ọ̀pù Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan

Kí láptọ́ọ̀pù yìí tó dé ọwọ́ mi, wọ́n ti sọ fún ẹni tó ni ín pé bọ́ọ̀dù ẹ̀, ìyẹn pátákó inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ti kú. Oníṣẹ́ méjì ló ti tú u wò ṣáájú. Èyí àkọ́kọ́ ní bátìrì ló bàjẹ́. Wọ́n ra bátìrì tuntun, nǹkan kan ò yí padà. Èkejì ní IC, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré tó ń darí iná sínú bátìrì lórí bọ́ọ̀dù, ti jó, pé kí wọ́n wá bọ́ọ̀dù mìíràn tàbí kí wọ́n kúkú lọ ra tókúnbọ̀ mìíràn. Bọ́ọ̀dù náà ò kú, ohunkóhun ò sì ṣe IC orí ẹ̀. Mò ń kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ torí pé ìdájọ́ "bọ́ọ̀dù ti kú" ti yá jù lẹ́nu àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn tí ò lówó lọ́wọ́ ló sì ń jìyà ẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lẹni tó ni ín. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn níbí, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà, téélọ̀ àti tíṣà. Owó tí oníkálukú fi pamọ́, owó tí wọ́n yá, iye tó kù láti san, ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnì kejì ẹ̀, inú fáìlì Excel kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà, inú láptọ́ọ̀pù yìí nìkan sì ni fáìlì ọ̀hún wà. Fláàṣì tí wọ́n ń kó o sí tẹ́lẹ̀ ti sọnù. Ìwé rìsíìtì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kéèyàn tún jókòó ro ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún jáde látinú rìsíìtì, ìyẹn lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ọmọ mi, tí ẹ̀rọ yẹn bá fẹ́ kú, kó máa kú lọ. Àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ni kó o bá mi yọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló to iṣẹ́ náà fún mi, èyí tó máa ṣáájú àti èyí tó máa tẹ̀ lé e.

Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni, ti ọdún 2012, tókúnbọ̀ tí ọmọ wọn rà fún wọn. Pírósẹ́sọ̀ ẹ̀, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò fún un, ni Intel Core i5-3320M. RAM ẹ̀, ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ 6GB, igi kan 4GB, igi kejì 2GB. Háàdì dísìkì ẹ̀ jẹ́ 500GB, oríṣi tó ń yí nínú, Windows 10 ló sì wà lórí ẹ̀. Mo ní kí Màmá jókòó, kí wọ́n sọ gbogbo ohun tó ń ṣe fún mi, bó ti wù kó kéré mọ, mo sì ń kọ ọ́ síwèé. Bátìrì ẹ̀ kì í gbaná. Bí iná bá ti lọ, ó kú nìyẹn. Ó ń falẹ̀ débi pé wọ́n á tẹ Excel, wọ́n á lọ ṣe nǹkan mìíràn kó tó ṣí. Tí wọ́n bá sún un lórí tábìlì, ó lè kú. Nígbà mìíràn ojú ẹ̀ á ṣàdédé di búlúù, á pa ara ẹ̀, á tún tàn. Láràárọ̀ ni déètì ẹ̀ ń padà sí oṣù kìíní ọdún 2012. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì Wi-Fi ń hàn. Wọ́n ti pààrọ̀ káàdì Wi-Fi nítorí ẹ̀. Ohùn kan ń jáde nínú ẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́, tó bá ti ń wá fáìlì. Irin tó so ojú ẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, híńjì ọwọ́ ọ̀tún, sì ti le gan-an, ike ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á gbé sókè tí wọ́n bá ń ṣí i.

Híńjì yẹn, Màmá ò fẹ́ẹ́ dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀bi kan ṣoṣo ṣàlàyé gbogbo àmì wọ̀nyí, bọ́ọ̀dù ló máa dá lẹ́jọ́, torí bọ́ọ̀dù ni gbogbo nǹkan so mọ́. Mo gbà pé bí àwọn tó ṣáájú mi ṣe débẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lè ní àrùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan rárá, kí ọ̀kan sì máa bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó ti wá, kí a má sì pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá pààrọ̀ méjì, tí ó sì dára, o ò mọ èyí tó wò ó sàn.

Háàdì dísìkì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, mi ò tan láptọ́ọ̀pù náà rárá. Ohùn kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn ni ìdí. Nínú dísìkì tó ń yí, orí kékeré kan ló ń kà á, ó ń fò lórí àwo tó ń sáré, àlàfo àárín wọn ò ṣe é fojú rí. Tí orí yìí bá dé ibi tí kò lè kà, á padà sẹ́yìn, á tún lọ, á tún padà. Gbogbo ìgbà tí a bá tan Windows lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ó ń kà, ó ń kọ, ó ń gbé nǹkan kiri, lórí ohun tó ti ń ṣá lọ. Bí fáìlì tí a ń wá bá wà níbi tó fẹ́ bàjẹ́, àwa fúnra wa la máa bà á jẹ́ pẹ̀lú títàn án lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi CHKDSK, ètò inú Windows tó ń yẹ dísìkì wò, tọ́ ọ. CHKDSK ń tún ètò fáìlì ṣe, ó sì ń kọ nǹkan sórí dísìkì láti ṣe bẹ́ẹ̀; wọn ò ṣe é fún gbígba fáìlì là lórí dísìkì tó ń kú. Ẹ̀dà la máa kọ́kọ́ ṣe.

Mo yọ ṣájà àti bátìrì, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ tán, mo fọwọ́ kan irin kí n tó kan ohunkóhun nínú ẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lásìkò náà, afẹ́fẹ́ gbẹ, iná tó ń kó sára èèyàn nígbà ọyẹ́ sì tó láti pa RAM láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀ ọ́n lára. Mo yọ dísìkì náà, mo so ó tààrà mọ́ ojú SATA, ibi tí wọ́n ń ki dísìkì bọ̀, lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi, tí mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, tàn. Mi ò lo wáyà USB, torí tí dísìkì bá há, ọ̀pọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀ ló máa já a sílẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Dísìkì máa ń kọ ìwé ìlera ara ẹ̀ sílẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń kọ́kọ́ wo nọ́ńbà mẹ́ta níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 05 sí jẹ́ iye ibi tí dísìkì ti pa tì, tó fi àyè mìíràn rọ́pò. C5 ni iye ibi tó ń ṣiyèméjì lé lórí. C6 ni ibi tí kò rí kà mọ́ pátápátá. Lórí dísìkì tó ní ìlera, òdo ló yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Lórí ti Màmá, kò sí èyí tó jẹ́ òdo nínú wọn, C5 sì ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìyẹn ti tó mi láti mọ̀ pé dísìkì náà ò ní padà sínú láptọ́ọ̀pù.

Ètò tí mo fi kó o ni GNU ddrescue, ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n ẹ̀ dára púpọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ ọ́n. Kì í bá ibi tó bàjẹ́ jà nígbà àkọ́kọ́. Á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó dára, á fò ibi tó bá há, á sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pé òun fò ó. Tó bá kó èyí tó rọrùn tán ló tó padà wá sí ibi tó le, díẹ̀díẹ̀. Mo fún un ní àṣẹ -n nígbà àkọ́kọ́ kó má lọ máa ha ibi tó bàjẹ́, lẹ́yìn náà mo tún un ṣe pẹ̀lú -r3, kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta sí i lórí ohun tó kù. Ìwé kékeré tó ń kọ yẹn ló jẹ́ kó bá ìlú wa mu. Iná lọ láàárín iṣẹ́, UPS mi, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná dúró díẹ̀, sì gbà mí láyè láti dá a dúró. Nígbà tí iná dé, mo pe àṣẹ kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, kò tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ètò tí kò ní irú ìwé yìí kó dísìkì tó ń kú, tí iná bá lọ, á tún fi ìyà jẹ dísìkì náà látòkè.

Díẹ̀ ló sọnù, kò sì sí fáìlì ẹgbẹ́ nínú ohun tó sọnù. Mo ṣí ẹ̀dà náà fún kíkà nìkan, mo mú fáìlì Excel náà jáde, ó ṣí. Ṣùgbọ́n fáìlì tó ṣí kò túmọ̀ sí fáìlì tó pé, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí ojú ẹ̀ ń di búlúù. Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé kí wọ́n mú káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan wá. A jókòó, wọ́n ń ka káàdì, mò ń ka fáìlì. Iye owó bára mu. Déètì ni kò bára mu. Ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n gbà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ní déètì oṣù kìíní 2012, nígbà tí àwọn ẹlòmíì tó san án kò tíì wọ ẹgbẹ́. Màmá máa ń tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì (;), èyí tó ń kọ déètì ọjọ́ náà sínú Excel fúnra ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá pè ní òní ló ń kọ. Inú Màmá bàjẹ́ gan-an, torí wọ́n rò pé ojú àwọn ló ti ń ṣe bàìbàì. Mo sọ fún wọn pé ojú wọn kọ́. Rìsíìtì wà, wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ déètì yẹn, bátìrì róbótó kékeré kan ló fà á, CR2032, 3V. Òun ló ń jẹ́ kí aago bọ́ọ̀dù máa lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa tí kò sì sí iná mìíràn. Tí bátìrì ńlá bá ní iná, òun náà máa ń ran aago lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ńlá tibí kò gbaná. Mo wọn CR2032 náà, kò pé 1V. Òun náà ló ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ojúlé tó ní ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé ìwé ẹ̀rí jáde tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2012 la wà á ní ìwé ẹ̀rí náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní ṣílẹ̀kùn. Káàdì Wi-Fi tí wọ́n yọ dànù ò ṣe nǹkan kan. Ẹ rí bí ohun tí owó ẹ̀ kéré jù lọ nínú láptọ́ọ̀pù ṣe wọ ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́, tó tún jẹ́ kí wọ́n ra káàdì tí wọn ò nílò. Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, ni mo ti ra CR2032 tuntun tó ti ní wáyà àti ẹnu ẹ̀ lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó wáyà mọ́ ara CR2032 lásán pẹ̀lú ayọ́ọ̀nù. Ooru ẹ̀ lè jẹ́ kó bẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwa oníṣẹ́ fara balẹ̀ kà ni ti iná.

Mo fi mítà wọn ẹnu ṣájà, 19.5V, ó pé. Mo tan láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú dísìkì ìdánwò tèmi, mo wọ inú BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó máa ń ṣáájú Windows jí, kí n tó wọ ibi kankan. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó ń kọ wáàtì ṣájà tó wà lára ẹ̀. Níbi tó yẹ kó kọ 90W sí, "Unknown" ló kọ. Ojú ewé yẹn kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun ló sì yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ ti wò kó tó ní kí Màmá ra bátìrì.

Ihò ṣájà irú láptọ́ọ̀pù yìí ní abẹ́rẹ́ tín-ínrín kan láàárín. Ara òde àti ara inú ihò náà ló ń gbé iná. Abẹ́rẹ́ àárín kì í gbé iná tó ń wa ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń bi ṣájà pé, wáàtì mélòó lo ní? Ẹ̀rọ ìrántí kékeré kan wà nínú ṣájà tó ń dáhùn. Bí kọ̀ǹpútà bá bèèrè tí kò gbọ́ èsì, á gba iná náà kó lè tàn, ṣùgbọ́n kò ní fún bátìrì níkankan, á sì tún fi ìjánu sí pírósẹ́sọ̀, kó má baà fa iná ju ohun tí ṣájà tí kò mọ̀ yẹn lè gbé lọ. i5-3320M tó yẹ kó máa sáré ní 2.6GHz wá ń rìn ní 1.2GHz ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀bi kan ló bí àmì méjì: bátìrì ò gbaná, ẹ̀rọ sì ń falẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá rí i pé 19.5V ń dé orí bọ́ọ̀dù, tí bátìrì tuntun ò sì gbaná, á ní IC ni. Bó ṣe rí lójú nìyẹn, àfi tí o bá mọ̀ pé wáyà kẹta wà.

Mo fi ṣájà mìíràn tí mo mọ̀ pé ó dára dán an wò, "Unknown" náà ló kọ. Ó kúrò lọ́rùn ṣájà nìyẹn. Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù. Ihò ṣájà náà ò wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀. Orí wáyà kúkúrú kan ló wà, wáyà náà ló lọ kì bọ́ọ̀dù. Mo yọ wáyà náà, mo gbé mítà sí ibi tó ń pariwo tí ọ̀nà iná bá já gaara, mo fi ẹsẹ̀ kan sí abẹ́rẹ́ àárín, ẹsẹ̀ kejì sí ẹnu tó ń wọ bọ́ọ̀dù. Mítà dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ wáyà náà láti ibi ihò lọ sí òdìkejì. Nígbà tí mo dé ibi kan, mítà ké, ó tún dákẹ́. Wáyà tín-ínrín náà ti já nínú awọ ẹ̀, awọ ò sì já, ojú ò lè rí i. Wáyà tó nípọn tó ń gbé iná ní ibi kan náà ti ń fún. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ gidi, òun náà ń gé. Ohun tó ń pa á nígbà tí wọ́n bá sún un lórí tábìlì nìyẹn.

Mo wá gbé wáyà náà padà sí ààyè ẹ̀ láti wo ohun tó wà nítòsí ibi tó ti já. Híńjì ọ̀tún ni. Híńjì tó le yẹn ń fa ike ìdí láptọ́ọ̀pù sókè nígbàkúùgbà tí Màmá bá ṣí i, súkúrúù kan ti fà yọ pẹ̀lú òrùka kékeré tó dì í mú, ẹsẹ̀ híńjì sì ń tẹ wáyà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí láptọ́ọ̀pù. Ohun tí Màmá ní kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ló gé wáyà, wáyà ló mú kí wọ́n ra bátìrì, òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wọn ra bọ́ọ̀dù. Ká ní wọ́n ti ra bọ́ọ̀dù ọ̀hún, wáyà jíjá yìí náà ni wọ́n máa kì bọ̀ ọ́, "Unknown" náà ni bọ́ọ̀dù tuntun máa kọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village, ní Ìkẹjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Otigba, ló bá mi yọ wáyà irú ẹ̀ lára òkú láptọ́ọ̀pù kan. Kó tó fi ránṣẹ́, mo ní kó fi mítà wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ti ń wọn ọ́n. Ọjà àlòkù ni, wíwò lójú ò tó. Owó ẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n pe bọ́ọ̀dù. Mo dẹ nọ́ọ̀tì híńjì díẹ̀, mo fi gíríìsì sí i títí ó fi ń ṣí láìgbé ike, mo fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì lẹ òrùka súkúrúù padà, mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Wáyà tuntun, mo gbé e gba ọ̀nà tó jìn sí ẹsẹ̀ híńjì. Nígbà tí mo padà wọ BIOS, 90W ló wà níbẹ̀. Bátìrì tí Màmá ti rà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná. Kò sí ohun tó ṣe é láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ti ń retí ohun tó tẹ̀ lé e. Pírósẹ́sọ̀ tó ti ń rìn ní ìdajì fún ìgbà pípẹ́ kì í gbóná púpọ̀. Nígbà tí ìjánu kúrò, ooru jáde. Mo fún un ní iṣẹ́ líle ṣe, ooru ẹ̀ gùn kọjá 100°C, bẹ́ẹ̀ 105°C ni òpin tí Intel fi sí i. Ó pa ara ẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò bá mọ̀ á sọ pé àtúnṣe tó ṣe ló bà á jẹ́. Mo yọ fáànù. Láàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, eruku ti dì bí tìmùtìmù. Irú eruku yìí, téèyàn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìta, inú ló tún ń lọ. Àfi kí a tú u. Mo di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ, kó má yí ju bó ti yẹ lọ. Páàsìtì orí pírósẹ́sọ̀, èyí tó ń gbé ooru ẹ̀ jáde, ti gbẹ pátápátá. Mo fi isopropyl, irú ọtí kan tó ń tètè gbẹ, nù ún kúrò, mo fi tuntun sí i, kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ooru ẹ̀ padà sí àádọ́rin lé díẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó dán RAM wò, ó sì ní ìdí tí mo fi dúró. Ooru fúnra ẹ̀ lè mú kí RAM tó dára ṣàṣìṣe, ìdánwò inú ooru kì í sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ tí a ò tíì mọ ipò RAM ẹ̀, torí ohun tí RAM bá ṣì kà ni dísìkì máa kọ sílẹ̀. Mo jẹ́ kí MemTest86+, ètò tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú. Pupa ló kún ojú ẹ̀ ní àárọ̀. Mo yọ igi kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo pààrọ̀ ihò wọn. Àṣìṣe náà ń tẹ̀ lé igi 2GB ibi tí mo bá gbé e sí. Ihò bọ́ọ̀dù dára. Ohun tó ń sọ ojú di búlúù nìyẹn. Mo fi 4GB rọ́pò ẹ̀, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L, àlòkù ni. DDR3L tó ń lo 1.35V lè ṣiṣẹ́ níbi tí DDR3 1.5V ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ewu. Òdìkejì ẹ̀ ló lè fa ìyọnu, kí a gbé igi 1.5V sínú láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ 1.35V nìkan ló ń fún un, torí ìrísí wọn bára mu, ó máa wọlé, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Mo tún fi MemTest86+ sùn. Kò sí àṣìṣe.

SSD 240GB, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló gba ààyè háàdì dísìkì. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, èyí tó ń pe ara ẹ̀ ní 240GB tí kò tó bẹ́ẹ̀ nínú, tí á máa kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ nǹkan kún un látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú F3, ètò tó ń dán irú ẹ̀ wò, mo sì kà á padà, kí n tó gbà pé ó pé. Ẹni tó bá ń lo Windows lè fi H2testw ṣe irú ìdánwò yìí.

Ọ̀rọ̀ wá ku Windows. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ò fẹ́ pírósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ nínú ìran keje, ó sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀rọ ààbò inú kọ̀ǹpútà. Ìran kẹta ni i5-3320M. Àwọn kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń gbé e wọlé. Mi ò ní ṣe ìyẹn fún ẹni tó ń tọ́jú owó àwọn ẹlòmíràn. Linux Mint ni mo fi sí i, pẹ̀lú LibreOffice, àwọn ètò ọ́fíìsì ọ̀fẹ́ tí Calc inú ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ Excel. Ìdùnnú mi ni pé fáìlì ẹgbẹ́ ṣí nínú Calc pẹ̀lú gbogbo ìṣirò ẹ̀. A sì fi wé àpapọ̀ tó wà nínú Excel lórí ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀kan náà ni. Màmá kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ ojú ewé tí wọ́n mọ̀. A lo ọ̀sán kan pọ̀ lórí ẹ̀. Ohun tó mú wọn gbà pátápátá ni nígbà tí mo fi àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá hàn wọ́n, èyí tó wà nínú Linux lábẹ́ Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú ọ àti ṣ tó yẹ. Tíṣà ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn wọ́n pé orúkọ àwọn èèyàn ń jáde láìpé lórí ìwé ẹgbẹ́. Wọ́n ní gbogbo orúkọ ni àwọn máa tún kọ.

Àwọn ohun tí mi ò tún ṣe wà níbẹ̀, mo sì kọ wọ́n fún Màmá lórí ìwé kan náà tí mo fi gba ẹ̀rọ: ibi tí wọ́n ń ki CD bọ̀ kì í ka CD mọ́, ihò USB kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ti dẹ̀, kí wọ́n má fi fláàṣì sí i. Wọn ò lo CD, ihò méjì mìíràn sì wà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Háàdì dísìkì àtijọ́, mo di í sínú ọ̀rá, mo fi lé Màmá lọ́wọ́. Àwọn tó ń ra àlòkù wá ń béèrè irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí irin inú ẹ̀ àti bọ́ọ̀dù kékeré abẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àti gbèsè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè pa á rẹ́ tán, torí ibi tí dísìkì bá ti pa tì, ètò tí à ń lò láti pa fáìlì rẹ́ ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Àdéhùn wa ni pé á wà lọ́wọ́ wọn títí ẹgbẹ́ yóò fi ṣe àyẹ̀wò owó ọdún, bóyá nǹkan kan lè nílò ìwò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé e wá, mo máa tú u lójú wọn, mo máa lu ihò sí àwo inú ẹ̀. Fáìlì ẹgbẹ́ wà lórí fláàṣì méjì báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ Màmá, èkejì lọ́wọ́ akápò, wọ́n sì ń pààrọ̀ ohun tó wà lórí ẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan.